Àmì Pupa Lára Ilé Ìyá Sẹfíyà

Alaamísì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáà

Òórùn ọ̀dà ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kẹrosíìnì nù ún, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Mo kó àwọn tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé wò lẹ́yìn omíyalé lọ sí àdúgbò Moshie Zongo lónìí. Ilé Ìyá Sẹfíyà, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Omi ti jẹ ìdí ògiri débi pé ọwọ́ ń wọnú rẹ̀. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni sùn níbẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo kun àmì pupa sí i, àmì pé kí onílé kó jáde, káwọn ọmọ lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ni Ìyá bá jáde, inú wọn dùn dẹ́yìn. Wọ́n rò pé ilé tí ìjọba fẹ́ tún kọ́ là ń sàmì sí! Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti tẹ́wọ́ àdúrà. Ta ní í já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu? Gbogbo wa ń ṣe àmín, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, ilé tìẹ náà ò ní wó."

"Àmín, Màmá."

Ábíbà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, rọra fà mí láṣọ. "Àǹtí, ẹ sọ fún wọn."

Mo sọ ọ́. Ìyá wo àmì náà, wọ́n wò mí. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

"Ibo wá ni kí n lọ?"

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ yìí, ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ilé tèmi ò jò rárá.