Bàbá Ẹ-dúró-ná, Ẹni Tó Fi Ìmọ́lẹ̀ Wọn Ọ̀nà Ìràwọ̀

Ní ọdún 1946 ni wọ́n bí Bàbá wa, ní yàrá òkè ilé kan tí wọ́n ti ń tún fìtílà ṣe nísàlẹ̀. Atúnfìtílàṣe ni bàbá wọn, ọmọ atúnfìtílàṣe; aránṣọ ni ìyá wọn. Ìyá wọn máa ń sọ pé ọjọ́ méjì gbáko ni òun fi rọbí wọn. A ò jiyàn, nítorí kò sí ibi tí Bàbá yára dé rí.

Ní 1953 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n fìtílà ló kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Irú fìtílà kan ṣoṣo ni bàbá wọn ń tà fún gbogbo àdúgbò. Bí ìmọ́lẹ̀ kan bá ń bọ̀ lójú pópó nírọ̀lẹ́, Bàbá á wo bó ṣe kéré sí, wọ́n á sì sọ bí ẹni tó gbé e ṣe jìnnà tó, torí wọ́n mọ bó ṣe ń tàn tó nítòsí.

Ní 1972 wọ́n fẹ́ Ìyá wa, nọ́ọ̀sì. Ìyá ní kí a kọ ọ́ síbí pé ọdún mẹ́fà ni Bàbá fi rò ó. Nígbà tí olùṣọ́ àgùntàn bi wọ́n bóyá wọ́n gbà, Bàbá ní, "Ẹ dúró ná." Wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n wo ìyàwó dáadáa, kí wọ́n tó dáhùn. Díẹ̀ ló kù kí ìyá tó bí Ìyá wa mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn.

Ní 1974 wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá ya àwòrán ojú ọ̀run. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jókòó sórí àga kan náà, tí wọ́n ń yẹ àwòrán ìràwọ̀ wò lórí gíláàsì. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tó ń tàn, tó ń ṣú, bí ẹni ń mí. Bí èémí náà bá ṣe gùn tó ni agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá ti ka èémí rẹ̀ ti mọ bó ṣe ń tàn gan-an. Bó bá wá kéré lójú wa, ọ̀nà ló jìn. Fìtílà bàbá wọn náà ni.

Ní 1988 ọ̀gá wọn fẹ́ kéde bí agbo ìràwọ̀ kan ṣe jìnnà tó. Ó ku kí Bàbá fọwọ́ sí i. Ẹ dúró ná! Wọ́n ní eruku wà lójú ọ̀run níbẹ̀, ó ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, a ó sì máa pè é ní ọ̀nà jíjìn nígbà tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí ọ̀gá yọ orúkọ òun. Ẹni tó fọwọ́ sí i ló gba ìgbéga, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́rin. Àwa mẹ́fà ń sùn ní yàrá méjì! Ní 1995 ọ̀gá jẹ́wọ́ pé eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ǹjẹ́ Bàbá tilẹ̀ sọ pé, "Mo wí bẹ́ẹ̀"? Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn, wọ́n gba ibi iṣẹ́ lọ.

Inú bí àkọ́bí wọn obìnrin jù. Ó sọ fún wọn pé ìràwọ̀ ni wọ́n bí, kì í ṣe àwa. Ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì pè fún ọdún márùn-ún. Bàbá náà ò pè. Nígbà tó padà, wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe aṣọ́nà ilé ìjọsìn. Wọ́n tún iná ojú pópó àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, irú gílóòbù kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi òmíràn sí i á gbọ́ ìwàásù.

Bí a ti ń kọ èyí ni Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé, láàárín ọdún márùn-ún yẹn, òun bi Bàbá bóyá kò dùn wọ́n pé ọmọ wọn jìnnà. Wọ́n ní, "Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Eruku ló wà láàárín." Tẹlifóònù wà nínú ilé! Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ síbẹ̀?

Bàbá fi Ìyá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Èmi àkọ́bí wọn ni mo kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n papòdà, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, mo wà lójú ọ̀nà. Mo tẹ ilé láago pé kí wọ́n bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n dúró ná, mo ti dé ìkóríta. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi dúró de nǹkan. Èmi nìkan ni wọn ò dúró dè.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Ẹ dúró dè mí lọ́hùn-ún.