Fọlárìn Ojú Ìwé Kọkànlélógójì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Josẹ́fù Ọlọ́runníyì

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọdún 1955, ìwé àkọ́kọ́ tí Olóògbé Josẹ́fù Ọlọ́runníyì kọ ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé dé sí ilé wọn ní Agége. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀ta ni, nínú páálí mẹ́fà, ọmọlanke ni wọ́n sì fi kó o láti ibùdókọ̀ ojú irin. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Rachael, àkọ́bí wọn, ti bá orúkọ kan pàdé ní ojú ìwé kọkànlélógójì, tí kò yẹ kó wà nínú ìwé náà rárá. Orúkọ náà ni Fọlárìn. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà tó kù fún olóògbé láyé ni wọ́n fi wá ohun tí Fọlárìn ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ bá wa péjọ lónìí, ẹ jẹ́ kí a ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ọdún 1907 ni a bí olóògbé ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ìyá wọn, Àbẹ̀ní aláró, máa ń sọ pé ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé ilé ni, àmọ́ ìjì kò ṣọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, òrùlé wọn kò sì lágbára. Bàbá wọn ni Fọlárìn ahunṣọ, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1915. Nígbà tí bàbá wọn kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1919, wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín oṣù yẹn kan náà, wọ́n sì jókòó sídìí òfì bàbá wọn fún ọdún méjìlá.

Ní ọdún 1931 wọ́n wá sí Agége. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sùn sórí àpò òfìfo nínú ilé ìkóbìsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń di obì gbànja sínú agbọ̀n fún àwọn oníbàárà ní Òkè Ọya. Ilé ìkóbìsí yìí náà ló wá sọ wọ́n di akọ̀wé. Láti ọdún 1936 títí di 1939 wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló ń lo àtùpà kan ṣoṣo níbẹ̀, olóògbé ló sì jókòó jìnnà sí i jù. Wọ́n máa ń sọ pé ìdajì ohun tí àwọn kọ́, etí ni àwọn fi kọ́ ọ.

Ọdún 1933 ni wọ́n fẹ́ Ìbídùn, ọmọ ará Ọ̀yọ́ tó ń gbé ní Agége, nínú ìjọ Aládùúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ. Ìyá wa Ìbídùn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ìtàn kan bá kọjá létí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tiwọn nìyẹn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ẹni tí kò bá gbé ilé kan náà pẹ̀lú olóògbé kò lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn a máa fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ti bàbá wa, bí ilé bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sá. Wọ́n á yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Kí ló ṣe yín? Ṣé ẹnì kan ń ṣàìsàn ni? Ẹ gún nǹkan." Àwọn ọmọ á sì gbé odó, wọ́n á máa gún èlùbọ́ tí wọ́n ti gún kúnná láti àná. Ìyá Mùíbì, aládùúgbò wa, náà á gbé ọlọ tirẹ̀ wá láti fi ṣàánú.

Bí wọ́n bá ń kọ̀wé, ojú wọn ń kọ ọ́ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ á tò sẹ́nu fèrèsé, wọ́n á máa dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn bí ojú bàbá wọn bá ṣe ń yí. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1949, Ìyá Mùíbì gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá: "Dìde kí o máa lọ sílé bàbá rẹ. N kò fẹ́ ọ mọ́." Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Rachael, ẹ dákun, ẹ wo ojú àwọn ọmọ." Olóògbé nìkan ló bá nínú yàrá, pẹ̀lú kálámù. Ìyá wa Ìbídùn ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Ìyá Mùíbì, dìde jàre. Inú ìwé ni mo ti lé ìyàwó yẹn." Ìyá Mùíbì kò dìde. Ó ní bó bá jẹ́ inú ìwé náà ni, kí wọ́n gbà á padà. Wọ́n gbà á padà, ibẹ̀ sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ibi iṣẹ́, ewé gbòdògì tí wọ́n fi ń di obì ni bébà wọn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dédé wá, wọ́n á fi ìṣó kọ ọ́ sára ewé tútù. Ní ọdún 1950, ọ̀kan nínú àwọn ewé yìí bá agbọ̀n lọ sí Kánò. Àwọn oníbàárà dá odidi agbọ̀n náà padà nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní tírà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, àwọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mú. Ohun tó wà lára ewé náà kò ju èyí lọ: "Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, kò mọ ìlú tó dé." Ọ̀gá wọn, Alàgbà Dàwódù, wò wọ́n títí, ó ní, "Josẹ́fù, obì là ń tà níbí. Bó o bá fẹ́ ta ọ̀rọ̀, lọ gba ìsọ̀ tìrẹ."

Ìtàn ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ náà ni ìwé wọn. Ọkùnrin gíga kan wọ ọkọ̀ ojú irin láti lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ padà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òjò oṣù Keje ọdún 1951 wọ yàrá, ó ba ọgọ́ta ojú ìwé jẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tún wọn kọ. Nítorí pé wọ́n fẹ́ràn bàbá wọn, wọ́n sọ ọkùnrin inú ìtàn náà ní Fọlárìn. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kà á fún ìyá wa Ìbídùn, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá Rachael, ṣé ẹ fẹ́ kí n dé etí kànga lọ́la kí n máa pariwo orúkọ bàbá ọkọ mi ni?"

Olóògbé ní, "Kì í ṣe bàbá mi. Ìtàn ni."

"Ìtàn tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá yín ti ròyìn wọn fún mi. Bàbá wa nìyẹn."

Gbogbo wa mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àgbà ilé ọkọ lórúkọ. Ìyá wa sì ṣe bí ìyàwó ti ń ṣe: wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn. Nítorí gíga rẹ̀, wọ́n pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á sọ ọ́ fún àwọn obìnrin létí kànga láàárọ̀ ọjọ́ kejì, títí gbogbo àdúgbò fi mọ Agùntáṣọọ́lò bí ẹni pé inú ilé kejì ló ń gbé. Fàúsát, tó ń dín àkàrà lójú ọ̀nà, tilẹ̀ máa ń fi í bú ọkọ rẹ̀: "Agùntáṣọọ́lò tó ṣìnà pàápàá ń wá ìyàwó rẹ̀, ìwọ tí o mọ ọ̀nà ńkọ́?"

Nígbà tí olóògbé ka ìwé náà fún àdúgbò ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1953, wọn kò tíì dé ojú ìwé kẹta tí ariwo fi sọ. "Ta ni Fọlárìn? Níbo ni ẹ gbé Agùntáṣọọ́lò wa sí?" Wọ́n gbà fún àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi pa Fọlárìn rẹ́, tí wọ́n sì fi Agùntáṣọọ́lò rọ́pò rẹ̀, ní ibi igba ó lé méjìlá. Ibì kan ṣoṣo ló bọ́ lójú wọn. Òun ni Rachael rí ní ọjọ́ tí ìwé dé: "Fọlárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Agùntáṣọọ́lò gba omi náà, ó mu ún."

Olóògbé jókòó sórí páálí. Lẹ́yìn náà wọ́n bu tàdáwà pupa, wọ́n ní àwọn yóò fa ìlà sórí orúkọ náà nínú gbogbo ẹ̀dà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa Ìbídùn dúró lé wọn lórí. Wọ́n ní, "Orúkọ bàbá yín lẹ fẹ́ fi tàdáwà pupa pa rẹ́, nígbà ẹgbẹ̀ta?"

"Àṣìṣe ni, Ìyá Rachael. Kò yẹ kó wà níbẹ̀."

"Wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n béèrè omi, ẹlòmíràn sì mu ún. Ẹ tún wá fẹ́ lé wọn lọ."

Olóògbé dé ìgò tàdáwà.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Ìbàdàn, láti Ìlọrin, láti Kàdúná. Olùkọ́ kan béèrè ìdí tí Agùntáṣọọ́lò fi mu omi olómi. Ẹlòmíràn ní òun ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta láti wá Fọlárìn, òun kò rí ibi tó gbà lọ. Olóògbé fèsì gbogbo wọn. Wọ́n ní Fọlárìn kò gba ibì kankan lọ, pé ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìdí pàtàkì tó fi wá, àwọn yóò sì kọ ọ́. Wọ́n fẹnu ṣe ìlérí kí wọ́n tó mọ ìdí náà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń rìn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1956, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí pákò fi bọ́, wọ́n ní, "Áà, ìdí nìyẹn." Wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó ti ìwé kejì.

Ní ọdún 1957, wọ́n fi ilé ìkóbìsí sílẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tuntun kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkókò tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ, wọ́n sì fi ń rìn bọ̀. Bí ẹni tó pẹ́ bá ní àwáwí tó dùn, wọ́n á ní kó tún un sọ, kí àwọn lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kì í yí àkókò padà.

Nínú ìjọ, akọ̀wé ni wọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógún. Àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn dùn débi pé àwọn tí kò wá á wá gbọ́ ọ. Alàgbà kan béèrè nígbà kan pé, "Akọ̀wé, ìgbà wo ni mo fọwọ́ gbá tábìlì tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí?" Olóògbé dáhùn pé, "Bàbá, ó yẹ kí ẹ gbá a." Alàgbà ronú sí i, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò láìgba nǹkan kan.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, 1959, ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ. Orí márùn-ún ni wọ́n ti kọ nínú ìwé kejì. Rachael bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́sàn-án, ó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ, bí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń gún odó. Òun ló ń kọ, síbẹ̀ ojú bàbá ni àwọn ọmọ ṣì ń wò. Gbogbo ilé mọ̀ pé a ń sáré pẹ̀lú àìsàn ni. Ìyá wa bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ kúkú sọ ìdí tí bàbá fi wá, kí a mọ̀ ọ́n sílẹ̀."

Olóògbé rẹ́rìn-ín. "A kì í ti ìsàlẹ̀ ìkòkò bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀. O fẹ́ sọ ọ́ létí kànga ni."

"Bí mo bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ta ni yóò wá ra ìwé?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, wọ́n dé ìparí orí kẹjọ. Fọlárìn rí omi rẹ̀ mu. Ó dá ife padà, ó nu ẹnu, ó ní kí gbogbo ilé jókòó kí òun sọ ohun tó gbé òun wá. Òjò ṣú. Olóògbé ní kí Rachael máa lọ kí ó má baà pa á lọ́nà, pé ọ̀la ni Fọlárìn yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n fi arákùnrin ìjọ kan ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sùn. Ní àfẹ̀mọ́jú Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n dákẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ ni ìyá wa Ìbídùn; àwọn ọmọ, Rachael, Láídé àti Ọláwọlé; àti àwọn ọmọ-ọmọ méjì, Àkànjí àti Bọ́lájí.

Bàbá Rachael, akọ̀wé ìjọ, akọ̀wé àdúgbò, kí ilé tí ẹ lọ má dákẹ́ jù fún yín. Ẹ sùn ire.

Orí kẹjọ ni ìwé kejì dé. Ohun tí Fọlárìn wá sọ kò sí lórí bébà, kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.