Ẹ̀rọ Amúlétutù Orí Òrùlé Ojúẹlẹ́gbà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta, 1995
Ìyá Fẹ́yìsayọ̀, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá tó kọjá. Mo ti sọ ọ́. Ẹkún ti tán. Motọ́lání, àbíkẹ́yìn wa, ló ń kọ ohun tí mo ń sọ, torí n kò mọ̀wé. Kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí wọ́n tú gbogbo éésì, ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé, ilé alájà márùn-ún tó wà l'Ójúẹlẹ́gbà. Méjìlélógójì. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń tún wọn ṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbé sórí òrùlé dípò wọn, Àkàngbé ló gba iṣẹ́ náà. Àkàngbé tí mo kọ́ níṣẹ́! Tí ìyàwó mi máa ń bu ẹran tó tóbi jù fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ara mi kò gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Fẹ́yìsayọ̀, àkọ́bí mi, ń bá Àkàngbé ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé wí báyìí, Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé ṣe báyìí. Ó ní òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ tutù, bí páìpù bá ṣe gùn tó. Mo ní, "Ṣé ẹran ni ẹ ń tà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Olóṣùwọ̀n ni mo ń pe ọ̀gá rẹ̀ láti òní lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16
Olóṣùwọ̀n mú mi lọ wo ẹ̀rọ tuntun náà. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn — àṣehàn. "Bàbá, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo yàrá. Kálukú ń gba ìwọ̀n gáàsì tó nílò. Bí èrò bá kéré nínú ilé, ẹ̀rọ á dín eré kù fúnra rẹ̀." Mo ní ẹ̀rọ tó ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀lẹ ni. "Bàbá, ẹ fẹ́ fẹ̀rín pa mí ni!" Inú yàrá tutù. Kò sí ariwo. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo gun òrùlé náà. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì mọ̀ mí, kò bi mí ní nǹkan. Mo fọwọ́ kan páìpù: kò làágùn, omi kò sẹ̀ sí i lára. Láti ogójì ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n — páìpù tí kò làágùn, gáàsì rẹ̀ kò tó. Òṣùwọ̀n dà! Mo lọ gbé sílíńdà gáàsì mi wá, mo fi kún un títí ó fi làágùn. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 20
Gbogbo ọ́fíìsì ṣí. Ẹ̀rọ náà kú láago mẹ́wàá. Mo dúró lódìkejì títì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ Olóṣùwọ̀n.

Ọjọ́rú, 22
Fẹ́yìsayọ̀ wọlé, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n fa gáàsì náà jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n: ó fi kílò mẹ́fà ju èyí tó wà lákọsílẹ̀ lọ, àpọ̀jù yẹn ló pa ẹ̀rọ. Òun ló wọ̀n ọ́n níjọ́sí, òun ló kọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa lé e. Olóṣùwọ̀n bẹ̀bẹ̀ títí. Wọn kò gbọ́.

Mo ní, kí ló dé tí páìpù náà kò làágùn ní Sátidé?

"Yàrá kan péré ló ń lò ó ní Sátidé, Bàbá. Ẹ̀rọ náà ń rọra ṣiṣẹ́ ni." Ó yíjú sí mi. "Ta ló sọ fún yín pé kò làágùn?"

Mo ní kó lọ sinmi.

Ọjọ́bọ̀, 23
Motọ́lání ń sunkún. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀, èmi ni. Ọwọ́ mi ṣìnà, ṣùgbọ́n ìlara ló gbé mi gòkè. Mo ti tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé yìí. Bí o bá gbé e lọ bá àwọn tó fẹ́ lé ọ, orúkọ mi bàjẹ́ láti Ojúẹlẹ́gbà dé Múṣín. Bí o kò bá gbé e lọ, tìrẹ ló bàjẹ́. Ìwọ ni àkọ́bí. Gbà á. N kò ní bi ọ́ léèrè ohun tí o fi ṣe.