Obadiah Oyèdòkun, Ẹni tí Ó Sáré Ṣáájú Èéyi Dé Àpòmù

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti àna tí ẹ bá wa péjọ, Àpòmù ni a ti bí bàbá wa, Olóògbé Obadiah Àjàgbé Oyèdòkun, lọ́dún 1941. Bàbá tó bí wọn ni Pa Ràímì, àgbẹ̀ kòkó tí oko wọn tóbi débi pé ọ̀bọ ìbẹ̀rẹ̀ oko kò mọ ọ̀bọ òpin oko. Ìyá wọn ni Màmá Salome, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lọ sí iléèwé mọ́dà ní Ìkirè. Láti 1963 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Lọ́dún 1970, wọ́n gbé Màmá Jemima níyàwó, ẹni tó ń dín dòdò tà létí títì, tí kò sì sí ọjà tí wọn kì í ná.

Lọ́dún 1983, èéyi mú ọmọ wọn kejì, Bọ́lánlé, lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò lè jókòó mọ́. Ìnàró ni wọ́n ń jẹun. Bí ìwàásù bá ń lọ, orí ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kà. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lára: ṣé èèyàn lè mọ ọjọ́ tí èéyi yóò wọ ìlú kí ó tó wọ̀ ọ́?

Lọ́dún 1987, ẹnì kan ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ kọ̀ǹpútà kan. Dókítà pàápàá ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án. Bàbá ra ìwé tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un, wọ́n kà á títí lẹ́tà inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Iná kì í dúró, nítorí náà inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ àṣẹ náà sílẹ̀. Bí iná bá dé, wọn a tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni tí ajá ń lé. Wọ́n pín ọmọ ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí èéyi kò tíì ṣe, èyí tó ń ṣe lọ́wọ́, èyí tó ti ṣe tán. Wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ máa kó wọn lọ sọ́jà, kí ó máa kó wọn bọ̀, kí ó ṣírò iye ẹni tí yóò kó èéyi.

Ní oṣù Kẹta 1988, èéyi bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkirè. Ẹ̀rọ ní bí wọ́n bá tún ná ọjà Àpòmù lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò bo ìlú náà: ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ ìlera ní Ìbàdàn ṣèlérí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọjọ́ mẹ́wàá ni abẹ́rẹ́ sì ń gbà kí ó tó ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Bàbá ní ó bọ́ sí i.

Màmá gbọ́ nídìí agbada, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Fúnmi, ẹ̀rọ yín ò ná ọjà rí! Ọjọ́ mélòó lẹ fi sí àárín ọjà kan sí èkejì?"

"Márùn-ún ni. Ṣebí ọrọọrún là ń ná an."

"Òní tí í ṣe ọjà ti wà nínú márùn-ún yẹn! Oorun mẹ́rin péré lẹ máa sùn, ọjà mìíràn ti dé."

Bàbá ka ìka, wọ́n tún un kà. Àwa máa ń ka òní mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kò kà á. Ogún ọjọ́ ni èéyi yóò fi dé, abẹ́rẹ́ kò sì ní í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

"Jemima, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Wọ́n gun alùpùpù. Òjìji wọn ṣì wà ní Ìkirè nígbà tí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ìlera ní Ìbàdàn.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ ti yí padà?" ni ọ̀gá ibẹ̀ bi wọ́n.

"Ìyàwó mi, sà. Ẹ̀rọ ló ṣì í."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó gbà. Nígbà tó di ọjọ́ keje, wọ́n gbé kúlà abẹ́rẹ́ wọ Àpòmù, wọ́n ń pariwo ju ẹgbẹ̀rún àkùkọ lọ. Ọmọ tó lé ní egbèje gba abẹ́rẹ́. Ogún ọjọ́ pé, èéyi dé lóòótọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló ṣe. A kò sin ẹnì kankan.

Bàbá fẹ̀yìn tì lọ́dún 1996, wọ́n tún gbájú mọ́ ìṣirò onígbáméjì. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù Kẹsàn-án 1998. Màmá Jemima, Fúnmilọ́lá, Adéfúnkẹ́ àti ọmọ-ọmọ méjì ló gbẹ̀yìn wọn.

Àwọn ọmọ iléèwé Àpòmù tó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́sí ló kún àgbàlá yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lé wọn sẹ́yìn pé ọmọdé ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ síwájú. Ọmọ olóòkú ni wọ́n.

Àjàgbé, ẹ sùn re o, nílé tí àìsàn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.