Àǹfààní Méjìlá àti Báluwẹ̀ Kan

San Quirico, Ítálì,
Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ àárọ̀.

Wendell ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ìlú St. Louis kò tíì gbé ọ mì? Àdúrà mi ni pé kí Ọlọ́run máa fún ọ ní oúnjẹ tí kì í ṣe inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ ọ́, kí ìdánwò rẹ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ìbọ̀sẹ̀ rẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn kí o tó rántí pé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́. Má bínú pé mò ń pè ọ́ lọ́mọ. Òótọ́ ni pé ọdún mẹ́rin lo fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti lọ sí yunifásítì ní ìlú ńlá, tí o fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú Mọ́mì àti Dádì ní abúlé yìí, èmi ni mò ń tọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń tọ́ ènìyàn ni òbí, nítorí náà fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà òbí rẹ.

Ìyá onílé wa, Nonna Ines, ní kí n kí ọ. Ó ní ọjọ́ tí o pè é lórí fóònù tí o jẹ́ kó rí ojú rẹ, òun rí i pé o ti rù kan egungun. Ìwọ ò mọ̀ pé ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀, ó ti gbé àwo polenta gbígbóná, àgbàdo rírò rẹ̀ yẹn, síwájú fóònù náà. Ó ní bí o kò bá lè jẹ ẹ́, kí o kúkú máa gbóòórùn rẹ̀. Bí o bá ti ń sanra láti ọjọ́ náà, o ti mọ ẹni tí wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìròyìn ilé pọ̀, àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì ni pé ó yẹ kí a ti wà ní Kansas, níbi tí àwọn ológun tún gbé Dádì lọ, láti ọjọ́ Ẹtì, a ò sì sí níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, torí gbogbo àga wa ti wọ kọ̀ntẹ́nà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Mọ́mì.

O mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní bárékè. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń kó àwọn ìyàwó sọ́jà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà jọ sínú yàrá kan, á fún wọn ní kọfí, á sì ka àǹfààní méjìlá tó wà nínú kí ìdílé ológun máa gbé lókè òkun sí wọn létí. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lójú oorun. Ìkíní ni pé àwọn ọmọ á gbọ́ èdè mìíràn. Òótọ́ ni. Mo lè fi èdè Ítálì bú rẹfirí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá láìtún èébú kan náà bú. Ìkejì ni pé ẹ ó rí ayé. A ti rí orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá láti ojú wíńdò mọ́tò, nítorí Dádì kì í dúró. Lọ́jọ́ kan ó wà wá lọ sí Vienna torí pé ìwé epo ọ̀fẹ́ tí àwọn ológun fún un kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ kejì; a jẹ sọ́séèjì lórí ìdúró, a padà sílé. Ìkẹta ni ṣọ́ọ̀bù inú bárékè, níbi tí wọ́n ti ń ta wàràkàṣì tó bá ọkọ̀ òfúrufú wá láti Wisconsin. Nonna Ines ń ṣe wàràkàṣì nísàlẹ̀ ilé wa, òórùn rẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀, síbẹ̀ Mọ́mì á wakọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lọ ra èyí tó ti wọ ọkọ̀ òfúrufú ju ọ̀gágun lọ. Ó ní ìyẹn ló jọ ti ilé.

Ìkẹjọ ni pé àwọn ọmọ á ní ọ̀rẹ́ láti ibi gbogbo. Mo ní wọn. Gbogbo wọn ló máa ń kó lọ lóṣù kẹfà. Ìkẹsàn-án, èyí tí Mọ́mì fẹ́ràn jù, ni pé ọmọ ológun a máa mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e jù sí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé mẹ́fà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ dùùrù lẹ́ẹ̀mejì, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a ti ń parí nǹkan ni kò sí lórí ìwé Mọ́mì.

Ohun tó fà á tí mo fi ń sọ èyí ni eré bocce. O rántí ilẹ̀ gígùn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń yí bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, tí ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ bọ́ọ̀lù kékeré jù á gba máàkì. Lẹ́yìn tí o lọ, Nonna Ines fà mí wọnú ẹgbẹ́ abúlé. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ yí i, wọ́n ní ọwọ́ mi fúyẹ́ bí ọwọ́ jáwójáwó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn abúlé òkè ti ń nà wá bí ẹni na aṣọ ìdọ̀tí. Lọ́dún yìí a dé àṣekágbá, òní ni, aago mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n ra ìwé ọkọ̀ òfúrufú wa sí. Ọjọ́ méjì péré, Wendell!

Mo bẹ Dádì. Ó ní àwọn ológun kì í dúró de bocce. Mo ní kó ṣáà bi ọ̀gá rẹ̀ wò. Ó ní kí ni kí òun sọ fún un, ṣé pé ọmọ òun fẹ́ yí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn arúgbó? Mọ́mì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilẹ̀ Kansas tẹ́ pẹrẹsẹ, mo lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nonna Ines gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ta ni bàbá mi ṣẹ̀ gan-an, tí wọ́n fi ń lé e káàkiri lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Mo ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ alágbẹ̀dẹ wí lọ́jọ́ tó gbé ìyàwó oníyàwó sá lọ sí Argentina.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn tó ń di ẹrù dé. O mọ̀ wọ́n, ohunkóhun tí ojú wọn bá ti bà ni wọ́n á dì. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Texas, ṣebí wọ́n di garawa ìdọ̀tí wa tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀, tí a tú u níbí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí Dádì fẹ́ẹ̀ ké sí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdílé ológun fi máa ń kó ohun tí wọn ò fẹ́ kó bá ẹrù lọ sínú báluwẹ̀, tí wọ́n á sì tì í pa. Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ìyàwó sọ́jà ní èyí. Ó kó páàsípọ́ọ̀tù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí Dádì, ó gbé e sínú báluwẹ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ méjì yòókù àti aṣọ ológun Dádì, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi ni òun fọkàn tán.

Lọ́sàn-án, Nonna Ines gbé àwo ńlá dé: búrẹ́dì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, wáìnì. Ní abúlé yìí, bí ebi bá pa òṣìṣẹ́ nínú ilé rẹ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ni wọn á máa bú. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ tọ̀. Mo ní kó lo ti ìsàlẹ̀. Ó ní báluwẹ̀ òkè yìí lòun ti ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun níyàwó wọlé, àti pé orúnkún òun àti àtẹ̀gùn ò bára wọn sọ̀rọ̀ lónìí. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló fẹ́ tọ̀, kí ni kí n ṣe, kí n ní kó lọ kọ̀wé wá? Ó ṣe é tán, ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin gíga kan nínú àwọn tó ń di ẹrù, tó ti mu wáìnì yó, wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, báluwẹ̀ ti mọ́ fínnífínní. Wọ́n di ọṣẹ, ó ṣì tutù. Wọ́n di ìwé ìnùdí tó ku ẹyọ mẹ́fà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i bó ṣe gbé àpótí Dádì. Mo lè pariwo, o mọ̀ pé n kò yadi. N kò pariwo. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè kọjá.

Aago mẹ́ta ni ọkọ̀ akẹ́rù gbéra. Aago márùn-ún ni Mọ́mì béèrè kọ́kọ́rọ́. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Austria, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wọn.

Lọ́jọ́ kejì Dádì lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tú kọ̀ntẹ́nà. Fọ́ọ̀mù ní kí ló wà nínú ẹrù. Ó kọ páàsípọ́ọ̀tù. Obìnrin tó gbà á ní kó fi páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ han òun, kí òun lè mọ̀ pé Dádì fúnra rẹ̀ ni. Dádì ní inú kọ̀ntẹ́nà ló wà. Obìnrin náà ní kò burú, kó mú un wá bó bá ti tú u tán. Mo rò ó títí, mo rí i pé ọgbọ́n ńlá ni: kò sí olè tó lè la ìyẹn já. Aṣọ ológun rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ yòókù náà ti lọ, nítorí náà ṣòkòtò olóògbé ọkọ Nonna Ines ló wọ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Olóògbé kúrú. Orúnkún Dádì ni ṣòkòtò náà dúró sí, ó sì ní okùn èjìká. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó ti ń kí i fún ọdún mẹ́ta ní kó gba ẹ̀yìn, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ewébẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ìwé àlàyé, Dádì sì kọ ọ́ pé òun ni òun gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Mọ́mì náà, bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù bárékè, àwọn ìyàwó sọ́jà á wò ó, wọ́n á sì fọwọ́ kan báàgì wọn bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdágbére tó ti ń múra rẹ̀ láti oṣù tó kọjá, wọ́n ní kó má wulẹ̀ ṣe é mọ́. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi.

Lánàá mo lọ bá Dádì nínú ọgbà. Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń bó ẹ̀wà tútù fún Nonna Ines. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo jẹ́wọ́ dé ibi tí mo ti sún fún ọkùnrin náà. Mo ń retí kí òkè wó lù mí. Ó bó ẹ̀wà mẹ́ta sí i. Ó wá ní kí n jókòó. Ó ní àwọn ará èbúté pe òun lọ́jọ́bọ̀, pé àpótí wa ló wà lókè pátápátá, pé kí òun sáré wá gbà á kí ọkọ̀ òfúrufú ọjọ́ Ẹtì má baà fi wá sílẹ̀. Mo ní kí ló wá dé? Ó ní òun sọ fún wọn pé òun ò ní mọ́tò, pé mọ́tò òun ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ọjọ́ Ajé lòun á lè wá. Mo ní ṣebí bọ́ọ̀sì ń lọ sí èbúté lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, iwájú ilé wa gan-an ló sì ti ń gbé èrò. Ó ní òun mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí girama rẹ, inú aginjù lòun wà, àti pé òun ò tíì jókòó wo ìparí nǹkan kan tí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ rí. Ó wá ní kí n bó tèmi nínú ẹ̀wà náà, kí n má kàn jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá sọ fún Mọ́mì, mo kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Aránṣọ abúlé ń gba yúrò mẹ́ta lórí lẹ́tà kan láti kọ orúkọ sẹ́yìn aṣọ ẹgbẹ́. Orúkọ ìdílé wa, Tollefson, sì gùn bí ọ̀nà oko, owó mi tán nígbà tó rán TOLLE. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́ báyìí. Fi yúrò méjìlá ránṣẹ́ sí mi jọ̀ọ́. Ó ní bí a tilẹ̀ ti lọ, òun á parí rẹ̀, òun á sì fi í ránṣẹ́ dé Kansas.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́, kí ó fún ọ ní ọ̀rẹ́ tí kì í kó lọ lóṣù kẹfà, kí ó sì jẹ́ kí o pẹ́ níbì kan títí wàá fi rí òpin ohun tí o bẹ̀rẹ̀. Àmín.

Wọ́n ti ń pè mí nísàlẹ̀. Mọ́mì ń bá wa lọ, ó ti dé fìlà oòrùn Nonna Ines. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló fi agbára dá wa dúró, ká kúkú lọ wo ohun tó fẹ́ ká rí. Mo wo Dádì. Dádì ń so okùn bàtà tí kò tú.

Òbí rẹ,
Maren.