Ohun tí Ìyá Wa Fi Pamọ́ fún Nọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Ajé, 8 Júláì 1963. Ìsàn.

Òṣùwọ̀n tún wá. Ìyá Láyí ni, ìyá ọkùnrin tó fẹ́ gbé àbúrò mi Monísọ́lá níyàwó. Mo sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n nítorí bó ṣe ń fi ojú wọn ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Ó bèèrè bóyá wàrápá wà nídìílé wa. Wèrè ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ìyá wa ní, "Ulé wa mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

Oògùn Monísọ́lá wà lábẹ́ àpótí aṣọ. Lọ́dún tó kọjá ní Ìbàdàn, ọkàn rẹ̀ wó lulẹ̀ — kò jẹun, kò sùn, kò fẹ́ rí oòrùn. Dókítà ibẹ̀ fún un ní oògùn oníhóró, òun ló ń lò láràárọ̀ àti lálẹ́. Mo san ṣílè mẹ́rìndínlógún lórí ìgò tó wà nílẹ̀, kò sì dùn mí. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Júláì.

Òjò. Mo rán búláòsì méjì. Òwú ti fẹ́ tán.

Ọjọ́rú, 10 Júláì.

Kẹ̀kẹ́ yọ̀ mọ́ Monísọ́lá lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjà. Ojúgun rẹ̀ dá. Ẹsẹ̀ kọjú sí ibi tí kò yẹ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Òṣùwọ̀n bá wa wọ lọ́rì — ó ní ọmọ òun náà ni. Màá kọ ìyókù lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 11 Júláì.

Nọ́ọ̀sì Alice bèèrè lánàá, kó tó ṣe ohunkóhun: ṣé oògùn kan wà tó ń lò? Monísọ́lá ń ké ìrora, ó wo ojú Ìyá wa. Òṣùwọ̀n na ọrùn. Ìyá wa ní, "Oògùn kẹ̀? Ọmọ tí orí kì í fọ́."

Mo gbójú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, pẹ́tídìn ni wọ́n ń pè é.

Kò pẹ́. Òógùn bò ó. Ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ, ẹsẹ̀ tó dára ń ta pàpà, lẹ́yìn náà ó le gbagidi bí ọmọ odó. Ojú là sílẹ̀. Ó ń bá bàbá wa tó ti kú sọ̀rọ̀. Ó ṣu sára. Òṣùwọ̀n fi gèlè bo imú, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. "Wàrápá rèé," ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì rò pé ìrora ló ṣì ń dà á láàmú, ó fẹ́ fi òmíràn kún un. Ó ti ń fa abẹ́rẹ́ kejì. N kò tíì la ẹnu tí Ìyá wa fi já mi léèékánná. Ìyẹn kó mi nírìíra ju ìgbẹ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró. Ó ń lo oògùn ọkàn. Ó lò ó láàárọ̀ yìí."

Alice gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sáré pe Dókítà Fádípẹ̀. Dókítà ní ta ló ní kò lo nǹkan kan? Mo sọ orúkọ tó wà lára ìgò oògùn náà fún un. Ó ní oògùn yẹn àti abẹ́rẹ́ yìí kì í gbé inú ara kan náà. Ohun kan ni àwọn méjèèjì ń rú sókè nínú ọpọlọ títí yóò fi kọjá agbára ara. Ó ti pa ènìyàn nílùú òyìnbó. Abẹ́rẹ́ kejì ni ì bá parí rẹ̀.

Ìyá wa ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Nítorí Òṣùwọ̀n ni. Ọmọ tí Ìyá wa bí ń gbọ̀n níwájú rẹ̀.

Aṣọ tútù ni a ń fi nù ún, a ń fẹ́ ẹ, omi ń kán sínú iṣan rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Júláì.

Ó mọ̀ mí. Ó pe orúkọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Júláì.

Ìyá wa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run gba ọmọ òun lọ́wọ́ ibà. Ibà! Mo dìde jáde kí igbá ọrẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dá sísì mi padà sápò.

Ọjọ́rú, 31 Júláì.

A gbé e wálé, ẹsẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì funfun. Dókítà ní kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ, kó sì máa sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì.

Òṣùwọ̀n dé. Ó jókòó, a gbé omi fún un. Ó ní àwọn ṣì lè gbé e, ṣùgbọ́n iṣu ìdána yóò dín, aṣọ yóò dín, kí ọmọ náà sì da oògùn yẹn nù. Ulé àwọn kì í ṣe ulé wèrè.

Mo ń retí kí Ìyá wa lé e jáde. Ìyá wa ní, "Ẹ yọ ìdajì iṣu, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ."

Wọ́n ń ná Monísọ́lá lọ, ná an bọ̀, bí ìkòkò tó sán.

Monísọ́lá wọ́ ara rẹ̀ jáde lórí ọ̀pá. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó nawọ́ mú ògiri. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi gan-an ló yẹ kí ẹ bi. Ọkàn mi ṣàìsàn. Oògùn ló gbé mi dìde. N ò ní dà á nù."

Òṣùwọ̀n wo Ìyá wa. Ìyá wa wo ilẹ̀. Òṣùwọ̀n tún gèlè wé, ó jáde, kò fẹnu kan omi tí a gbé fún un.

Monísọ́lá gbé omi náà, ó fi lo oògùn rẹ̀.