Omi Tí Wọ́n Fi Sọ Ọmọ Mi Lórúkọ

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà, 2025
Mo bí lánàá! Obìnrin. Àlàáfíà ni. Olúlékè ọkọ mi ò tíì yé rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ìjà ti dé. Ìyá ọkọ mi — Ìyá Funfun ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, nítorí sùtánà wọn — ní ilé àdúrà àwọn la ti máa sọ ọmọ lórúkọ, Àdúràọlá sì ni. Bàbá mi, Kátólíìkì paraku tí mò ń pè ní Pópù Àkúrẹ́, fèsì lórí fóònù: "Tèrésà ni. Fádà ló máa ṣe é. N kì í bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹtì, 6
Ọmú ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Àbámẹ́ta, 7
Mo dá ọgbọ́n kan. Mo bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí lẹ fẹ́ fi sọmọ lórúkọ? Ìyá Funfun: omi tí a gbàdúrà sí, àbẹ́là, tùràrí, aṣọ funfun. Pópù: omi mímọ́, àbẹ́là, tùràrí, aṣọ funfun. Olúlékè rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí? A ní kí ìsọmọlórúkọ wáyé nílé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbà, tìkùnsínú tìkùnsínú.

Àìkú, 8
Ọmọ sùn. Èmi náà sùn.

Ajé, 9
Ìyá Funfun gun Òkè Ìdànrè lónìí — ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, nítorí àtigbàdúrà sí ìgò omi kan. Orúnkún wọn wú. Mo bá wọn wí. "Ìyàwó, ọmọ-ọmọ mi ni."

Ìṣẹ́gun, 10
Yéè! Pópù ti Àkúrẹ́ dé, òógùn bò wọ́n. Wọ́n rí ìgò omi Ìyá Funfun lórí tábìlì — èmi ni mo gbé e síbẹ̀! — wọ́n mu ún tán. "Omi yín mà tutù o."
Ìyá Funfun figbe ta. Olúlékè ṣàlàyé. Bàbá mi, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, ṣí fìlà. "Ìyá wa, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀." Wọ́n yọ omi mímọ́ tiwọn nínú báàgì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ìyá Funfun.
Ìyá Funfun ní, "Ẹ dì í mú. Èmi á gbàdúrà sí i."
Wọ́n gbàdúrà. Pópù di ìgò mú, Àmín tiwọn ló ròkè jù. Wọ́n ya àmì àgbélébùú.
Ìyá Funfun ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé àdúrà wákàtí mẹ́ta ló wà níkùn yín yẹn?"
Pópù fọwọ́ pa ikùn. "Abájọ tó fi ń kùn."
Ẹ̀rín! Ìyá Funfun rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi omi kan ọmọ níwájú orí, wọ́n yíjú sí bàbá mi: "Ẹ sọ orúkọ." Mo ní nínú ara mi pé Tèrésà ló ń bọ̀ yìí.
Bàbá mi nu ojú.
"Olúwapamílẹ́rìn."
Ìyá Funfun ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.